Ohun Tí Òtútù Kò Béèrè

Nígbà tí Òtútù kọ́kọ́ rí onífọ́tò náà, ńṣe ni onífọ́tò fi àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ fíríìjì kékeré kan, bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ òun gbóná. Ó so ẹ̀rọ ìyafọ́tò kọ́rùn, ojú rẹ̀ le koko, ó sì rẹwà débi pé Òtútù, ọkùnrin tí wọ́n pè wá tún fíríìjì ṣe, gbàgbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Iṣẹ́ fíríìjì ló sọ ọ́ ní Òtútù. Ìtọpinpin sì ni àìsàn tirẹ̀: kò sí ohun tí kò ní yọjú sí, kò sí ohun tí kò ní béèrè. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí omi, kò sí oúnjẹ. Ìgò kéékèèké márùn-ún péré ló tò síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń tọ́jú síbí?"

"Ẹ̀mí mi," ni onífọ́tò náà dáhùn. "Ẹ rọra fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀mí tún máa ń wà nínú ìgò?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Insulíìnì ni. Òun ló ń gbé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú ara. Ara tiyín ń ṣe é fúnra rẹ̀. Tèmi jáwọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ni mo bá ń gún un lábẹ́rẹ́."

"Ṣé ṣúgà lẹ jẹ jù ni?"

"Ẹ tiẹ̀ pẹ́ kẹ́ ẹ tó béèrè. Ẹlòmíì ò ní tíì jókòó tí á ti bi mí. Rárá o, àtọ̀gbẹ tèmi kì í ṣe ti àjẹjù."

Ó tún fíríìjì náà ṣe lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè ò tán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá béèrè ìdí tí onífọ́tò fi ń gún ìka kó tó jẹun; onífọ́tò ní òun fi ẹ̀jẹ̀ náà ń wo ṣúgà ara òun ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ó bá a tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń sáré mu omi ọsàn.

"Ẹni tí ṣúgà ń bá jà tún ń wá ṣúgà mu?"

"Bó bá pọ̀ jù, wàhálà ni. Bó bá kéré jù, wàhálà tó ń sáré ni."

Kí oṣù kejì tó parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn.

"Òtútù, fíríìjì yìí kò bàjẹ́ o."

"Èmi ni mo bàjẹ́, olólùfẹ́."

Ọ̀sẹ̀ kan wá dé tí ooru mú gan-an. Òtútù mọ̀ pé ooru ń ba oògùn náà jẹ́, àyà rẹ̀ sì ń já. Bí onífọ́tò ṣe ń ya oníbàárà nínú yàrá kejì, Òtútù yí bọ́tìnì fíríìjì dé òpin. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, òtútù kì í pọ̀ jù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bùn ìkọ̀kọ̀ ni lójú tirẹ̀.

Oògùn náà dì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná lọ, ó tún yọ́, kò sì sí ohun tó yí padà lójú. Onífọ́tò gún un bó ṣe máa ń ṣe, àfi bí ẹni gún omi lásán. Òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́, ó ń bì, nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ilé ìwòsàn ló wà.

"O tún ti fo abẹ́rẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Màmá, mo gún un."

"Tó o bá gún un, kí ló gbé ọ débí?"

Nọ́ọ̀sì dá sí i. "Àbí oògùn náà dì ni? Bó bá ti dì rí, kò wúlò mọ́, bó tilẹ̀ yọ́."

"Fíríìjì rẹ̀ kì í mú nǹkan dì," ni ìyá fèsì.

Òtútù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òun nìkan ló mọ̀. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n ó rí omijé lójú ẹni tó fẹ́ràn, tí wọ́n ń pè ní òpùrọ́ lórí ara tirẹ̀.

"Kò parọ́, Màmá. Èmi ni mo yí fíríìjì náà, mo fẹ́ kó tutù sí i ni. Ẹ dákun, ẹ da èyí tó kù nílé nù."

"Jáde," ni ìyá wí.

Onífọ́tò wò ó títí. "Ìwọ tó ń bi mí ní gbogbo nǹkan, kí ló dé tó ò bi mí ní ọ̀kan yẹn?"

Ó jáde, ó sì sunkún lójú títì láìbìkítà fún ẹni tó ń wò ó.

Oṣù mẹ́ta ni kò fi dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò. Ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ síbi ẹ̀kọ́ tí nọ́ọ̀sì náà ń ṣe fún àwọn ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ àti òbí wọn. Ó ká orúnkún sórí àga ọmọdé, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ló kọ́ ọ pé bí ara ẹni bá ń gbọ̀n, ohun dídùn ni kó kọ́kọ́ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ti pọ̀ jù," ni ọmọ náà wí. "Ẹ kọ́kọ́ fún un ná."

Nọ́ọ̀sì ròyìn èyí fún ìyá onífọ́tò. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá ránṣẹ́ pe Òtútù. Onífọ́tò wà níbẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́yà, kò wojú rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, ìwọ lo sọ," ni ìyá wí. "Mo pe ọmọ mi lópùrọ́, ó ṣì ń dùn mí." Ó mí kanlẹ̀. "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń jí láago méjì òru láti wò ó bóyá ṣúgà rẹ̀ ò lọlẹ̀ jù. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé oorun rẹ wúwo?"

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ rú u lójú. Nígbà tó yé e pé ìyá fẹ́ gbé jíjí òru náà lé òun lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Kò wúwo, Màmá."

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni onífọ́tò wí, "ṣé kò sẹ́ni tó máa bi èmi ni?"

Òtútù yíjú sí i. "Ṣé... ṣé wàá jẹ́ kí n máa jí?"

Onífọ́tò tú ọwọ́ tó ká mọ́yà, ó sì di tirẹ̀ mú. "Máa jí. Mo fẹ́ ọ, Òtútù."

Ìyá dìde, ó ní òun fẹ́ lọ sùn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.