Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Lẹ́tà Piroska

"Ka lẹ́tà yẹn fún mi, kí ìdí mi tó dá àpótí yìí sí méjì!"

Boróka, ọmọ ọmọ mi, ni mo ń jágbe mọ́. Èmi tí mo rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí àgbá wáìnì ni mo jókòó ti ìkòkò bàbà, tí mò ń ro jáàmù èso púlọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ nídìí rẹ̀, èédú ló máa jẹ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Piroska ni lẹ́tà náà ti wá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni èmi Rozi nígbà tí wọ́n sá kúrò nílẹ̀ wa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásìkò rògbòdìyàn. Wọ́n ti darúgbó, aládùúgbò wọn kan tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi èdè tirẹ̀ bá wọn kọ̀wé báyìí. Gẹ̀ẹ́sì ni kò yé èmi, nítorí náà ẹnu Boróka ni etí mi.

Boróka, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó sì tẹjú mọ́ ojú ewé kan.

"Kí ló dé? Àbí o ti gbé ahọ́n mì?"

"Ọ̀rọ̀ kan ni, Màmá. Wọ́n ní Àǹtí Piroska 'low' gan-an. Wọ́n ń pe ògiri kúkurú bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pe ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀..." Ó pa ìwé náà dé. "'Kedvetlen' ni a máa ń pè é ní èdè wa níbí. Inú wọn kàn ò dùn díẹ̀ ni."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Inú ta ni yóò dùn níbi tí òjò kì í ti í dá? Jáàmù ni màá fi tù wọ́n nínú."

Mi ò mọ̀ pé ìtumọ̀ kan ṣì kù nísàlẹ̀ ojú ewé: ẹni tó ti fẹ́ kú. Boróka rí i. Ó tún rí ìlà tó tẹ̀ lé e: "Kí àbúrò wọn tètè máa bọ̀." Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni ayẹyẹ ìkórè àjàrà, òun ni wọ́n sì yàn láti ṣe ìyàwó adájọ́, ipò ọlá tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ń gbà nínú eré ọjọ́ náà, tí yóò jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin àkọ́kọ́, tí yóò sì ṣíwájú ijó. Ní abúlé wa, ará ilé tí ikú bá ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í jó ijó.

Ní Sátidé, mo pàtẹ́wọ́ títí gèlè fi tú lórí mi. "Ẹ wo ìyàwó adájọ́ mi! Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ rọra o!"

Ní Túsìdé, fóònù dún. Ará ilẹ̀ wa kan tó ń gbé nítòsí wọn ni. "Wọ́n ti kú láàárọ̀ Sọ́ńdè, Mà. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń bèèrè pé, 'Rozi dà? Ṣé Rozi ti dé?'"

Boróka wó lulẹ̀ síwájú mi. "Mo mọ̀, Màmá. Mo rí i. Ijó ni mo fẹ́ jó."

Èmi tí wọ́n máa ń gbọ́ ohùn mi ní òpópónà mẹ́ta, ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Òmùgọ̀ ọmọ yìí. Ṣé o rò pé màá ní kí o má jó ni? Èmi fúnra mi ni ǹ bá di irun rẹ kí n tó wọ ọkọ̀ lọ."

Ìyẹn ló pa á lẹ́kún jù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni là ń jẹ́. Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọjá kò gbọdọ̀ ṣa èyí tó dùn mọ́ òun jẹ, kó sì da èyí tó korò nù. Mo ti dárí ji Boróka. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ìdáríjì tó kù wà lọ́wọ́ wọn, ni kò sí láyé mọ́.