Àwọn Àlejò Tí Kì í Mu Mínírà

Ní ìlú Gbókunró, ìlú tí wọ́n kọ́ sábẹ́ òkun nígbà tí ilẹ̀ ò gba èèyàn mọ́, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Afinúhàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ọkàn ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kó sì sọ ìdí tónítọ̀hún fi fẹ́ ra ẹlẹ́rìndòdò: òùngbẹ ni, àwọ̀ ìgò ni, àbí ìpolówó. Ọ̀mọ̀wé Mosúnmọ́lá ló ṣe é fún ilé-iṣẹ́ tó ń po mínírà, ó sì ń fi í yangàn.

Àfi bí Afinúhàn ṣe wo obìnrin àgbà kan tó kó mínírà kún apẹ̀rẹ̀, tó ní: "Òùngbẹ ò gbẹ ẹ́. Kò fẹ́ràn adùn. Ìpolówó ò wọ̀ ọ́ létí. Ṣùgbọ́n á tún rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹ gbọ́ ná, ìyá Mosúnmọ́lá gan-an ni obìnrin ọ̀hún, àtọ̀gbẹ sì ń ṣe é.

Mosúnmọ́lá pè é lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ta lẹ ń ra mínírà fún?"

"Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn," ni ìyá wí. "Ṣé ká wá jẹ́ kí àlejò lọ lẹ́nu gbígbẹ ni? Ìgbà wo nìwọ ń bọ̀?"

"Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè. Mò ń bọ̀, Màmá."

Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ọmọ tó ń wo inú gbogbo ayé ò rí inú ìyá tó bí i. "Àlejò" nìkan ló gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọgbọ́n àgbọ́njù bá dé. Bí àlejò ló ń mú àwọn èèyàn ra mínírà, a jẹ́ pé kí ilé-iṣẹ́ máa rán àlejò sí wọn.

Bí wọ́n ṣe ṣe àlejò-irin nìyẹn, ẹ̀rọ tó wọṣọ, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tó ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Omi lásán làwọn onílé kọ́kọ́ ń fún un torí wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ni ilé-iṣẹ́ bá fi ojú àti ohùn àwọn ọmọ onílé tó wà lọ́nà jíjìn sí i, ọjà sì ràn bí iná ọyẹ́.

Ìyá wá pe ọmọ rẹ̀. "Mosún, ohun kan wá síbí, ojú ẹ ló gbé wọ̀. Mo gbé mínírà fún un, ó kàn dì í mú ni, kò mu ún. Ẹ kó wọn kúrò nígboro."

"Kò sí ewu níbẹ̀, Màmá. Ṣebí inú yín dùn nígbà tẹ́ ẹ rí i?"

"Inú mi dùn," ni ìyá wí. "Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Kò pẹ́ tí ọjà fi dákú. Afinúhàn wo àwọn tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kò sẹ́ni tó ń retí ẹnikẹ́ni mọ́. Mosúnmọ́lá bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ abẹ́ omi, ó forí lé ilé ìyá rẹ̀, ó sì kanlẹ̀kùn.

"Ẹ máa lọ," ìyá dáhùn láti inú ilé. "Mi ò ra mínírà mọ́."

"Màmá, èmi ni. Mosúnmọ́lá ni. Mo ti dé."

Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ rọra rìn wá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

"Bó ṣe wí lánàá náà nìyẹn," ni ìyá wí, ó sì tún yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti ilẹ̀kùn pinpin.