Yúríà Nínú Iyọ̀ Cheptui

Inú Tabutany dùn ní àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn débi pé orin ló ń kọ bó ṣe ń fún wàrà. Jelagat ọmọ rẹ̀ ti di nọ́ọ̀sì, ó ń bọ̀ nílé ní Sátidé, wàrà kíkan inú akèrègbè ni wọ́n sì fi ń pàdé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Nandi. Màlúù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Cheptui, ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti mú koríko gbẹ. Wàrà inú korobá kò tó ìdajì.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ni ọkọ rẹ̀, Arap Sitienei, wí.

Ó ti gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń gba wàrà lọ́wọ́ àwọn tó ń sin màlúù pé yúríà, ajílẹ̀ funfun tí wọ́n ń bù sídìí àgbàdo, máa ń mú wàrà pọ̀. Kò dúró gbọ́ ìwọ̀n. Ọjọ́ tí Cheptui ń lá iyọ̀ ni ọjọ́ yẹn. Bàbá bu odidi ife yúríà mọ́ iyọ̀, Cheptui sì lá a tán.

Kò pẹ́ rárá tí màlúù fi ń gbọ̀n, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ikùn rẹ̀ sì wú.

"Yéè! Bàbá Jelagat, kí lẹ fún un?"

"Iyọ̀ ni... àti yúríà díẹ̀."

Tabutany pe Cherono, dókítà ẹran, lórí fóònù.

"Yúríà kẹ̀? Ẹ sáré wá ọtí kíkan, fínígà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá rí! Ẹ pò ó mọ́ omi tútù púpọ̀, ẹ rọra máa dà á sí i lẹ́nu, ẹ má gbé orí rẹ̀ sókè jù. Mo ti ń bọ̀!"

Tabutany, tí kò sáré rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ká yẹ̀rì sókè, ó di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará ọ̀nà ń pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ṣe bí ó ń múra ìdíje eré sísá ni.

Wọ́n po ọtí kíkan tó rà mọ́ omi, wọ́n sì rọra dà á sí Cheptui lẹ́nu. Nígbà tí Cherono fi máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, Cheptui ti ń gùfẹ̀. Dókítà tọ́jú rẹ̀ títí, nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, màlúù náà ti ń jẹ àpọ̀jẹ. Tabutany dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, àgbàdo lẹ fẹ́ gbìn síkùn rẹ̀ ni?" Cherono bi í. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń wọn yúríà. Tó bá lé díẹ̀ báyìí, májèlé ni."

"Kí la ó wá fún un? Oúnjẹ ẹran inú àpò tí wọ́n ń tà ti wọ́n jù," ni Arap Sitienei wí.

Cherono nawọ́ sí ọgbà. "Kí lẹ̀ ń pe ìyẹn?"

"Kaliándírà. Igi ìdáná wa ni."

"Igi ìdáná ọ̀wọ́n! Kílò mẹ́ta ewé rẹ̀ tútù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kílò kan oúnjẹ inú àpò. Ẹ má jẹ́ kó rọ kẹ́ ẹ tó fún un. Ẹ pò ó mọ́ koríko, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ nítorí májèlé tó wọ ara rẹ̀, ẹ má mu wàrà rẹ̀ títí màá fi padà wá."

"Yéè, oúnjẹ Cheptui la ti ń fi se tíì láti ọjọ́ yìí!" Tabutany bú sẹ́rìn-ín.

Arap Sitienei fúnra rẹ̀ ló gbé akèrègbè kiri ilé aládùúgbò láti tọrọ wàrà, ó sì ń sọ ìdí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ní Sátidé, Jelagat mu wàrà, ariwo ayọ̀ sọ. Bàbá rẹ̀ dìde.

"Wàrà aládùúgbò lẹ̀ ń mu o. Díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi pa màlúù wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin màlúù, orí ló bá wọn ṣe é. Ọ̀pọ̀ màlúù ló ti kú kí olúwa rẹ̀ tó rí ẹni pè. Kí nǹkan tuntun tó kan ẹnu ẹran yín, ẹ bi dókítà ẹran, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ìwọ̀n. Abèèrè kì í ṣìnà. Màlúù ò lè béèrè, ẹ̀yin lẹ ní ẹnu.