Ìṣó Tí Òòfà Fà

Abẹ́rẹ́ kan sọnù ní yàrá iṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Masaka ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, kí wọ́n tó so àwọ̀n mọ́ inú ikùn aláìsàn. Nọ́ọ̀sì Nalwoga, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ka gbogbo ohun tó wọlé àti èyí tó jáde, mú ọ̀pá òòfà, ó fà á káàkiri ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà fò mọ́ ọn. Ìṣó kékeré kan tó wé bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ sì fò tẹ̀lé e.

Ìṣó náà ló bọ́ sílẹ̀ nígbà tí dókítà dán ìbọn ìṣó wò. Ọdún mọ́kànlá ni Nalwoga ti fi ń rí irú ìṣó bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń gba ojú ihò kéékèèké fi kan àwọ̀n mọ́ ikùn, kí ìfun má baà tún ti ara jáde. Òòfà kò fa ọ̀kankan rí, nítorí irin wọn kì í ṣe irin tó ń dógùn-ún. Ní ọjọ́ Ajé, mẹ́sàn-án nínú ìṣó Kawuki, ẹni tó ń ta ìbọn ìṣó náà fún wọn, ni wọ́n kàn sí ikùn bàbá rẹ̀.

Kawuki fúnra rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú aṣọ iṣẹ́ abẹ àti ìbòmú. Bí àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ti ń ṣe nìyẹn: wọn a dúró ti dókítà láti fi ìlò rẹ̀ hàn án.

Nalwoga kò pariwo. Ó gbé òòfà náà síbi tí Dókítà Ssenkubuge nìkan ti lè rí i.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òwú rán tòní."

Dókítà wo òòfà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì gba òwú. Kawuki béèrè ohun tó dé. Dókítà dá a lóhùn pé ara ikùn ẹni yìí fẹ́lẹ́, kò ní lè gba ìṣó. Wákàtí kan gbáko ló fi ń gún òwú láti ìta wọ inú, tó sì ń ta á ní kókó lábẹ́ awọ.

Nígbà tí wọ́n parí, Kawuki na ọwọ́ sí ìbọn náà. Ó ní ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, èyí tí wọ́n bá ti tú ọ̀rá rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀, òun ni òun ń kó wọn lọ dáná sun. Nalwoga ní kí òun kọ́kọ́ nù ún. Níbi ìfọwọ́, ó fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ha àgbélébùú tín-ń-tín sí abẹ́ ìdìmú rẹ̀. Bó ti yíjú padà, Kawuki ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Sísítà, ẹ̀ ń gbọ̀n o."

"Òtútù ni."

"Òtútù, nínú oòrùn yìí? Ẹ rọra o. Ẹni tó ń ka abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ni kó máa kà. Bàbá yín ṣì ń bọ̀ wá fi ojú egbò hàn wá, àbí?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Nalwoga po omi iyọ̀ sínú ife. Ó ju ìṣó náà sínú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, ó ti pọ́n bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà, bàbá rẹ̀ sì ń ráhùn pé nǹkan ń já òun jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo.

Nalwoga fi ìṣó náà han Dókítà, ó sì sọ nípa àmì tó ha. Dókítà ránṣẹ́ sí Okwir, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Okwir ní ìṣó tó dógùn-ún kò tó, nítorí Kawuki lè sọ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló tan òun náà jẹ. Àmì abẹ́ ìdìmú yẹn ni yóò mú un, bó bá gbé ìbọn náà padà wá bí tuntun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Kawuki gbé ìbọn wá. Okwir wà níbẹ̀ nínú aṣọ àwọ̀ ewé àti ìbòmú, ó ń nulẹ̀ bí òṣìṣẹ́ wọn. Kò sí aláìsàn lórí ibùsùn. Nalwoga fa ọ̀rá ìbọn "tuntun" náà ya, ó dojú rẹ̀ dé. Àgbélébùú rẹ̀ ń wò ó.

"Kí lẹ̀ ń wò níbẹ̀?" ni Kawuki wí.

"Àmì ọwọ́ mi ni. Ọjọ́rú ni mo ha á."

Kawuki já ìbọn náà gbà, ó ti Nalwoga lu tábìlì irinṣẹ́, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ibi ìfọṣọ sá jáde. Okwir yọ̀ lórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó ṣubú. Kawuki ti dé ìdí alùpùpù rẹ̀ kí ó tó dìde. Níbẹ̀ ló ti ń fọwọ́ pa ara rẹ̀ láti itan dé àyà. Aṣọ iṣẹ́ abẹ tó wọ̀ kò ní àpò. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú ṣòkòtò tó fi kọ́ sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Ibẹ̀ ni Okwir ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́.

"Ta ló ń ṣe ìṣó yẹn?"

"Èmi ni. Wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́ ni."

"Ara ẹni mélòó ló wà?"

Kawuki ń wo alùpùpù rẹ̀.

"Mo ní ẹni mélòó?"

"Mẹ́ta." Ó dárúkọ bàbá Nalwoga àti àwọn méjì ní Mbarara. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n pè wọ́n padà.

Ní Àbámẹ́ta, wọ́n tún gbé bàbá náà wọlé. Dókítà kò kọ́kọ́ fẹ́ kí ọmọ ka irinṣẹ́ níbi iṣẹ́ abẹ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Nalwoga bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Dókítà ń yí àwọn ìṣó náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dún nínú àwo.

"Mẹ́jọ, Dókítà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Mẹ́jọ ni."

Dókítà fi ẹnu irinṣẹ́ rẹ̀ gbé etí àwọ̀n sókè díẹ̀díẹ̀. Ìkẹsàn-án wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti tú, ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ìfun, àlàfo àárín wọn kò ju fífẹ̀ irun lọ. Ó mú un. Ó dún nínú àwo.

"Mẹ́sàn-án," ni Nalwoga wí. Dókítà béèrè òwú.

Nígbà tí bàbá náà la ojú ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Kò béèrè ìdí tí wọ́n fi tún ṣí òun.

"Ṣé o kà á pé?"

"Ó pé, Bàbá."