Ẹ̀ka Ọdún Tó Kọjá

Ẹni tó bá fẹ́ lè jiyàn, n kò ní bá a jà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀, kò sí òkùnkùn tí èèyàn lè dá lẹ́bi.

Kíákíá ni wọ́n ń pe obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, nílé àti níbi iṣẹ́. Ilé ìfọṣọ ló ti ń lọ aṣọ, kò sì sẹ́ni tó yára tó o níbẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tó ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán, tí kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ni ìyá wà. Ògiri aládùúgbò ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí.

Iwájú ilé ni igi òdòdó ìyá wà, èyí tí wọ́n ń pè ní haidirénjà, tí òdòdó rẹ̀ máa ń ṣù jọ tó orí ọmọdé. Kí ìyá tó ṣubú, bí òdòdó bá ti rọ, á gé orí rẹ̀ díẹ̀ báyìí, lókè ibi tí ewé tuntun méjì ti ń yọjú, á fi ìyókù sílẹ̀. Ó sì máa ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Má fọwọ́ kan ẹ̀ka tó dà bíi pé ó ti kú yẹn o. Ẹ̀ka ọdún tó kọjá ni òdòdó ọdún yìí ń sùn sí."

Kì í ṣe pé Kíákíá kò gbọ́. Ó gbọ́ dáadáa. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ti ń pariwo láti orí ibùsùn pé kó lọ bomi sí ìdí igi òun, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bó ṣe ń sáré jáde, ẹ̀ka gbígbẹ fa aṣọ rẹ̀ ya. Inú bí i. Ó mú àlùmọ́gàjí ńlá, ó gé igi náà mọ́lẹ̀ pátápátá. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí inú bá ń bí i? Kùkùté nìkan ló kù.

Nígbà tí àsìkò òdòdó dé, ìyá kò fẹ́ jẹun mọ́. Dókítà ní bí kò bá jẹun, kò ní pẹ́ láyé.

"Ṣé ó ti ń tanná?" ni ìyá bi í.

Kíákíá wo abọ́ oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti ń tanná, Màámi."

Ìyá la ẹnu, ó jẹun. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń béèrè, ojoojúmọ́ ni Kíákíá ń parọ́. Irọ́ náà ń bọ́ ìyá, ó sì ń jẹ ọmọ. Ojú ara rẹ̀ ń tì í.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá òdòdó kan nínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Búlúù ni. Omi ṣì wà lára rẹ̀.

"Ta ló mú un wá, Màámi?"

"Àbí ìwọ kọ́?"

Kíákíá jáde lọ wo igi. Kùkùté. Kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Ó padà wọlé, ó yẹ òdòdó náà wò. Ẹ̀ka àtijọ́ ni igi ìdí rẹ̀, ó ti pọ́n, ó sì ti le. Kò sí irú igi bẹ́ẹ̀ lójúlé kankan ládùúgbò. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ti ilẹ̀kùn ní àárọ̀, inú àpò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Òdòdó mìíràn tún dé. Òmíràn tún dé. Ara ìyá ń yá. Kíákíá kò lè sùn mọ́. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wá sílé lọ́sàn-án. Ilé pa rọ́rọ́. Ó kúnlẹ̀ síbi ibùsùn.

"Màámi, irọ́ ni mò ń pa fún yín. Mo ti gé igi yín mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gé e ni. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá wò ó. "Ṣebí o ti sọ ọ́ fún mi."

"Nígbà wo?"

"Lánàá. Ọ̀sán báyìí. Ibi tó o kúnlẹ̀ sí yìí náà ni. O sunkún títí aṣọ ìbora mi fi tutù. Mo sì dárí jì ọ́."

Lánàá, ìdí àyọ́ọ̀nù ni Kíákíá wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

"Èmi kọ́ nìyẹn, Màámi."

Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi àtàǹpàkò pa àtẹ́lẹwọ́ náà, níbi tí àyọ́ọ̀nù ti jó o. Ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀, kò rí i. Díẹ̀díẹ̀ ló tú ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Lóòótọ́," ló wí. "Ọwọ́ ẹni àná tutù. Erùpẹ̀ wà ní èékánná rẹ̀."

"Ẹ dárí jì mí, Màámi. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín."

"Mo ti fún un ní ìdáríjì náà," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ sì kún fún àánú. "Mo ti fún ọmọ yẹn tán."

Ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí nǹkan kan kò kán lójú. Ó dúró lẹ́yìn Kíákíá gẹ́lẹ́. Òórùn ilẹ̀ tútù gba inú yàrá. Kíákíá kò bojú wẹ̀yìn.

Ojú ìyá mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ Kíákíá léjìká, bí èèyàn ṣe ń tọ́ àlejò.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló wí, "ẹ bá mi sún díẹ̀. Ọmọ mi ti dé."

Kíákíá sún, lórí ìkúnlẹ̀ tó wà.