Ọ̀rọ̀ Tó Ṣáájú Aṣòfin

Alálàá ń tú irun ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń rọra rìn lára ògiri, kọ́tìnì ń mí wọlé, ó ń mí jáde, ọkàn ọmọ náà sì ti fò lọ bí ìṣe rẹ̀. Wọn ò kúkú pè é ní orúkọ mìíràn mọ́. Bó bá ń fọ abọ́, àlá ló ń lá. Bí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé ìṣirò, òun ti dé òkè òkun.

Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Aṣòfin, ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ nílé ìgbìmọ̀ dánra wò. Nínú ìdánrawò náà, Alálàá ni olórí ilé ìgbìmọ̀, òun náà ni àwọn tó ń sùn lórí ìjókòó.

“Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀,” ni Aṣòfin wí. “Àwọn abúlé ẹnu ààlà ni ògiri wa, ògiri náà sì ti lanu. Àwọn jàǹdùkú ń wọlé, àwọn ọmọ ò lè lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀ṣọ́ àti iná síbẹ̀.”

Alálàá rí i lójú inú: ọ̀nà eléruku, ilé ẹ̀kọ́ kékeré, ọmọbìnrin kan tí kò jù ú lọ tó ń wo ọ̀nà.

“Àmọ́ mi ò lè máa ròyìn ibi tí mi ò dé,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ọ̀túnla, ní ìdájí, ọ̀nà igbó ni mò ń gbà lọ. Yàtọ̀ sí awakọ̀, ọlọ́pàá àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀, ìwọ nìkan lo gbọ́ ọ o.”

Lọ́jọ́ kejì, lásìkò ìsinmi nílé ẹ̀kọ́, Ìlúmọ̀ọ́ká, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀. “Bàbá mi ní oorun ni ìyá rẹ ń lọ sùn nílé ìgbìmọ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dun Alálàá dé eegun.

“Gbà,” Ìlúmọ̀ọ́ká na fóònù sí i. “Bó bá jẹ́ irọ́ ni, kọ ohun tí wọ́n ń ṣe síbí, sójú òpó ayélujára mi, kí ayé rí i.”

Ó mọ̀ pé kò yẹ. Síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́: “Lọ́la, ní ìdájí, ìyá mi ń gba ọ̀nà igbó lọ sí ẹnu ààlà, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ lè padà sílé ẹ̀kọ́.” Kò pẹ́ tí oríyìn fi ń rọ́ wọlé. Ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀, àfi ìgbà tí ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ béèrè pé, “Mọ́tò aláwọ̀ wo ni?”

Alálàá ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa á rẹ́, ìyẹn sì pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó ṣe ń bọ̀ nílé, télọ̀ ìtòsí ilé wọn gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. “Bá mi kí màmá o. Wọ́n ní ọ̀nà igbó ni wọ́n ń gbà lọ́la. Ọlọ́run á ṣọ́ wọn.”

Nírọ̀lẹ́, ó ń di irun ìyá rẹ̀, ìyá náà sì tún ń fi ọ̀rọ̀ wọn dánra wò. Tó bá jẹ́wọ́, ìyá rẹ̀ lè má finú hàn án mọ́ láéláé. Tó bá dákẹ́ ńkọ́? Bí Aṣòfin ṣe dé ibi tí ògiri ti lanu, ọwọ́ ọmọ náà dúró.

“Màámi, èmi ni ògiri náà. Èmi ni mo lanu.” Ó sọ gbogbo rẹ̀ tẹkúntẹkún.

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. “Ohun tó dùn mí jù ni pé nítorí mi lo ṣe sọ ọ́.” Wọ́n pe ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fóònù fún un. “Pe ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ìwọ ni wàá sọ fún wọn pé mi ò wá mọ́.”

Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ló gbé e. “Ẹ ò bọ̀ mọ́?” ni ohùn náà wí. “A ti gbá gbogbo ọgbà o. A tiẹ̀ ti to àga.” “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ni Alálàá bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọlọ́pàá rí igi ńlá tí wọ́n gé dábùú ọ̀nà igbó, àwọn tó gé e ti sá lọ. Bí Aṣòfin ṣe gbọ́, wọ́n rọra jókòó sórí àpótí, wọ́n sì di ọwọ́ ọmọ wọn mú títí.

Lẹ́yìn oṣù kan, ìyá rẹ̀ tún sọ ọjọ́ ìrìn àjò mìíràn sí i létí. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Ìlúmọ̀ọ́ká tún dé. “Ìyá rẹ dà? Ṣé wọ́n ti sùn?” Kíláàsì tún rẹ́rìn-ín.

Alálàá wo ìta. Lójú inú, ó tún rí ọ̀nà eléruku náà, ó rí ọgbà tí wọ́n tún gbá, ó rí ọmọbìnrin tó ń wo ọ̀nà tó dìde dúró.

“Wọ́n wà níbi iṣẹ́,” ni ó wí, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. Ó ti yé e pé kí ẹ̀ṣọ́ tó dé ẹnu ààlà, ẹnu ẹni ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ tì, pàápàá nígbà tí ìfẹ́ bá ń sún wa láti ṣí i.

Nírọ̀lẹ́, Aṣòfin wọlé, eruku pupa kún orí wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n sì na ìyarun sí i.

“Olórí ilé ìgbìmọ̀,” ni wọ́n wí, “ẹ fetí sílẹ̀. Mo fẹ́ jábọ̀.”