Kẹ́ẹ̀gì Wáìnì Tí Bùsáyọ̀ Ṣí

Òórùn kíkan bíi ti fínígà ló kọ́kọ́ kí Bùsáyọ̀ nígbà tó ṣí kẹ́ẹ̀gì wáìnì rẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn ní Ìbà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ilé-ìwé ṣe ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ló máa lọ ṣojú wọn láàárín gbogbo ilé-ìwé agbègbè wọn, Bùsáyọ̀ sì fẹ́ lọ gan-an.

"Háà!" Zulaikha ọ̀rẹ́ rẹ̀ di imú. "Èyí kan ju ojú olùkọ́ ìṣirò lọ! Da súgà sí i jàre. Àwọn olùkọ́ ló máa tọ́ ọ wò, wọn ò ní mọ̀."

Bùsáyọ̀ mọ ohun tó fà á. Àǹtí Ọlábísí, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ṣe wáìnì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún ìjọ wọn, ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Àǹtí kò kàwé kọjá pírámárì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Á fọ́ èso àjàrà tòun tèèpo, á fi ìwúkàrà sí i, á dé kẹ́ẹ̀gì pa, á ti rọ́bà tín-ín-rín láti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò omi kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè máa jáde láìjẹ́ kí ti ìta wọlé. Ìwúkàrà á jẹ súgà inú èso, á sọ ọ́ di ọtí.

"Tí atẹ́gùn bá wọlé, ọtí á kan," Àǹtí ti kìlọ̀. "Má ṣí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bùsáyọ̀ ṣí i, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i.

Ó bu ife kan, ó da súgà sí i, ó tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó wá ń kán omi sódà tó ń pa kíkan sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní kíláàsì, títí pupa rẹ̀ fi di àwọ̀ ewé. Bí ọtí bá ṣe kan tó ni ẹ̀kán tó máa gbà ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ̀kán méjìlélógún. Ti èyí tí kò ní súgà: méjìlélógún. Ti wáìnì Àǹtí tó wà nílé: mẹ́sàn-án péré.

"Ahọ́n mi ni súgà tàn," ni Bùsáyọ̀ wí. "Kíkan rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

"Ta ló bi omi sódà léèrè?" ni Zulaikha fèsì.

Bùsáyọ̀ bu ife mìíràn nínú kẹ́ẹ̀gì, tí kò kán omi sódà sí, ó gbé e tọ Àǹtí lọ. Àǹtí tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ṣí i?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lèmi bà jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Gbé e lọ síbi ìpàtẹ bẹ́ẹ̀. Gbé tèmi náà dání."

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, Bùsáyọ̀ to ife mẹ́ta sórí tábìlì, ó kọ òtítọ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì, olùkọ́ kẹ́mísírì, bú sẹ́rìn-ín nígbà tó ka ti àárín: "Mo fi súgà bo àṣìṣe mi." Ó kán omi sódà sí i fúnra rẹ̀, ó ka méjìlélógún, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé wáìnì Àǹtí sójú fèrèsé. Ó mọ́ gaara.

"Ta ló ṣe èyí? Bá wa pè é wá sí kíláàsì."

Ẹ̀hìndé, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ṣe iná tó ń lo agbára oòrùn, ló gba ipò kìíní. Bùsáyọ̀ sunkún. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Ọlábísí dúró níwájú kíláàsì wọn, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì hàn wọ́n, kò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan, gbogbo wọn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, títí kan Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì. Bí ó ti parí, ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan lé Bùsáyọ̀ lọ́wọ́.

"Ti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tó ń bọ̀ nìyẹn. Ìwọ lo máa ṣe é. Bí o bá sì tún ṣí i, mo mọ̀ pé wàá sọ fún mi."

Àṣìṣe tí a jẹ́wọ́ a máa kọ́ni. Èyí tí a fi súgà bò, kíkan ló ń kan lọ.